Golf 4 tí a rẹ̀ sílẹ̀: táyà ẹ̀yìn ọ̀tún ń ha fẹ́ńdà, iwájú òsì sì kéré sí ọ̀tún

Golf4_Agodi:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kí mẹkáníìkì tó fi ayùn kan nǹkan kan.

Golf 4 ni, 1.6, ọdún 2001, sítíárìn òsì. Sípíríǹgì tó ń rẹ mọ́tò sílẹ̀ ní 40 mm ló wà níwájú àti lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ tòkunbọ̀ tó ṣì le. Rímù tó bá mọ́tò náà wá ni 15, 6J ET38 (J ni fífẹ̀ rímù ní íńṣì; ET ni iye mm tí ojú tí a fi ń dè é mọ́ mọ́tò fi jìnnà sí àárín fífẹ̀ rímù), pẹ̀lú táyà 195/65R15. Rímù 17 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí, 8J ET35, táyà tòkunbọ̀ 225/50R17.

Bí èèyàn mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn ọ̀tún á máa ha etí fẹ́ńdà tí mo bá ti gun bọ́ǹpù. Òsì kì í ha rárá. Bí mo bá sì yí sítíárìn dé òpin, táyà iwájú méjèèjì á máa họ rọ́bà inú fẹ́ńdà.

Èkejì, iwájú òsì kéré. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé etí fẹ́ńdà nínú ọgbà wa: iwájú òsì 641 mm, iwájú ọ̀tún 662, ẹ̀yìn òsì 652, ẹ̀yìn ọ̀tún 655.

Mẹkáníìkì ní kí a gé ìdajì ìká (ìyípo irin) kan kúrò lára sípíríǹgì iwájú ọ̀tún kí ó lè bá òsì dọ́gba. Wẹ́dà kan tó wà nítòsí ní gígé ò tiẹ̀ pọn dandan, pé òun á fi gáàsì rọ̀ ọ́ láìtú u. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?


Gbélẹ̀Máarìn:

Ti wẹ́dà kọ́, má gbà á láyè. Ṣùgbọ́n ìdajì ìká ò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Gé e, kí o kọjá lọ. Ti ẹ̀yìn, kí pánẹ́ẹ̀lì bítà fi òòlù lu etí fẹ́ńdà wọlé, ó tán.


Sípíríǹgì_Ni_Mo_Mọ̀:

Má tíì gé nǹkan kan o. Gbélẹ̀Máarìn, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò gígé yẹn ná. Sípíríǹgì tó bá ní ìká márùn-ún tó ń ṣiṣẹ́, tí ẹ bá gé ìdajì kúrò, 4.5 ló kù. Bí ìká ṣe ń dín kù ni sípíríǹgì ń le sí i, nítorí náà ọ̀tún á fi nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 le ju òsì lọ. Mọ́tò lè dọ́gba níbi tó dúró sí; tó bá gun bọ́ǹpù tàbí tí ẹ tẹ bíréèkì lójijì, ẹ̀gbẹ́ kan á wọlẹ̀ ju èkejì lọ. Orí tí ẹ gé náà á sì jẹ́ ṣóńṣó, kò ní jókòó dáadáa sí ojú rẹ̀ mọ́. Ti gáàsì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ ló fi iná àti òróró sọ irin sípíríǹgì di alágbára. Ibi tí iná wẹ́dà bá ti pọ́n, agbára yẹn ti kúrò níbẹ̀. Á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́.

Ohun tó tiẹ̀ mú mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí ni nọ́ńbà tí o kọ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ iwájú jẹ́ 21 mm, ti ẹ̀yìn jẹ́ 3 mm. Sípíríǹgì kò lè ṣe irú ìyẹn. Ara mọ́tò kì í lọ́ bí aṣọ. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú lára àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, gbogbo ojú àpótí ló máa fì, kì í ṣe igun kan ṣoṣo. Bó ṣe rí nínú mọ́tò nìyí: ká ní sípíríǹgì iwájú òsì kúrú ní 12 mm, tí líle mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì sún mọ́ra, iwájú òsì máa lọ sílẹ̀ ní bíi 9 mm, iwájú ọ̀tún ní 3, ẹ̀yìn òsì ní 3, ẹ̀yìn ọ̀tún á sì gòkè ní 3. Ìyàtọ̀ òsì sí ọ̀tún jẹ́ 6 níwájú, ó jẹ́ 6 lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ iwájú fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ ti ẹ̀yìn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni kò tẹ́jú, tàbí táyà ò dọ́gba, tàbí kí fẹ́ńdà kan ti gba ìkọlù rí tí wọn ò sì dá a padà sí ojú rẹ̀. Mọ́tò tòkunbọ̀ tí kò gba ìkọlù rí ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ wa.

Wọ̀n ọ́n báyìí. Wá ilẹ̀ táìsì tàbí kọnkéré tó dán. Fi rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí yẹ ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí táyà máa dúró sí wò. Èyí tó bá lọ sílẹ̀, fi pátákó pẹlẹbẹ tàbí àfọ́kù táìsì gbé e títí ìyàtọ̀ kò fi ní ju 2 mm lọ. Fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé 32 psi láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Má fi ẹnikẹ́ni sínú mọ́tò, má fi ẹrù sí búùtù. Ti mọ́tò síwájú bí mítà mẹ́ta, tì í padà, kí o tẹ igun kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Má fa hánbíréèkì, igi ni kí o fi dá táyà dúró, torí hánbíréèkì kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn jókòó tán. Ẹni tó bá wọn mọ́tò lẹ́yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí jáàkì ń tan ara rẹ̀ ni: táyà ṣì ń fa ara wọn sínú, mọ́tò á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn náà, má wọ̀n láti ilẹ̀ mọ́. Láti àárín gbùngbùn rímù lọ sókè tààrà dé etí fẹ́ńdà ni kí o wọ̀n. Tún wọ̀n láti ilẹ̀ dé ojú ibi tí jáàkì ń wọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn, iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì. Kò sí pọ́tì níbẹ̀, kò sì sí pánẹ́ẹ̀lì bítà tó ń fọwọ́ kan ibẹ̀ láìnídìí. Kó nọ́ńbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wá.


FọkanáísàÀgbà:

Ti táyà ni tèmi. Àbúrò, ìṣòro rẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti orí 50 yẹn. Ó dájú pé ẹni tó tà á fún ọ sọ pé 225 ni 225. 225 jẹ́ fífẹ̀ táyà. 50 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 50 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, ìyẹn 112.5 mm. Rímù 17 jẹ́ 431.8 mm. Fi ẹ̀gbẹ́ méjì kún un, táyà rẹ ga ní 656.8 mm lápapọ̀. 195/65R15 tó bá a wá jẹ́ 634.5 mm. Nítorí náà orí táyà fi 11 mm sún mọ́ fẹ́ńdà ju ti ilé iṣẹ́ lọ kí a tó ka 40 mm tí o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. 51 mm ni o ti gbà lọ́wọ́ fẹ́ńdà yẹn. Ìwọ̀nyí ni èyí tó bá rímù 17 mu lórí Golf 4:

225/45R17: 634 mm, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ilé iṣẹ́ dọ́gba.
215/45R17: 625 mm, fún èyí tí a rẹ̀ sílẹ̀, òun ni mo fara mọ́.

Nígbà tí o bá ń ra 215/45, wo nọ́ńbà ẹrù tó tẹ̀lé ìwọ̀n náà. 87 ń gbé 545 kg, 91 ń gbé 615 kg. Ti ilé iṣẹ́ lórí 195/65R15 jẹ́ 91, nítorí náà 91 tí wọ́n kọ XL sí (táyà tí wọ́n ṣe kó lè gbé ẹrù púpọ̀ sí i) ni kí o rà, ní pàtàkì bí o bá ń gbé èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn. Kí o sì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2318 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2018. Táyà tòkunbọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń là wẹ́wẹ́ tí fẹ́ńdà tún ń gé, inú mọ́tò ìdílé kọ́ ni irú ìyẹn yẹ kó wà.

Ní ti rímù: 8J ET35 mú kí etí rímù jáde ní bí 28 mm ju 6J ET38 lọ, ó sì tún wọlé ní bí 22 mm. Ara táyà fúnra rẹ̀ jáde ní bí 18 mm, ó wọlé ní bí 12. Ìdí nìyẹn tí ìta fi ń ha lẹ́yìn tí inú sì ń họ níwájú. Kí ẹnikẹ́ni má tan ọ́ láti fi spacer (àwo irin tí wọ́n ń fi sẹ́yìn rímù) sí i lẹ́yìn. Ńṣe ló tún máa tì í síta. Níwájú, yí sítíárìn dé òpin, kí o ki pẹ́ńsùlù sáàárín táyà àti ibi tí sípíríǹgì jókòó sí lára ṣọ́ọ̀kì. Bí pẹ́ńsùlù bá kọjá, àyè wà.

Wo bóòtì pẹ̀lú. Golf 4 ń lo M14x1.5. Orí bóòtì rímù ilé iṣẹ́ rí roboto bíi bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ rímù ọjà ń fẹ́ olórí ṣóńṣó. Ẹni tó bá fi olórí roboto di rímù olójú ṣóńṣó, etí tín-ín-rín kan ṣoṣo ló ń di rímù náà mú, bóòtì á sì máa tú fúnra rẹ̀. Ihò àárín Golf jẹ́ 57.1 mm, bí ti rímù rẹ bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ra òrùka tó ń dí àlàfo yẹn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ sítíárìn á máa gbọ̀n tí wọ́n bá tiẹ̀ ti ṣe bálánsì. 120 Nm ni a ń di bóòtì náà, pẹ̀lú tọ́ọ̀kì sípánà, kì í ṣe pé kí èèyàn gun orí sípánà.

Rọ́bà inú fẹ́ńdà iwájú tí táyà ń họ yẹn, pààrọ̀ táyà ná. Ó ṣeé ṣe kí ìró náà lọ pátápátá.


Golf4_Agodi:

Ẹ ṣé gan-an. Mo rí ilẹ̀ táìsì kan lò, ọgbà wa kò tẹ́jú lóòótọ́. Nọ́ńbà rèé.

Láti àárín rímù dé etí fẹ́ńdà: iwájú òsì 329, iwájú ọ̀tún 345, ẹ̀yìn òsì 336, ẹ̀yìn ọ̀tún 343.

Láti ilẹ̀ dé ojú jáàkì: níwájú, òsì fi 6 mm kéré sí ọ̀tún. Lẹ́yìn, òsì fi 6 mm kéré sí ọ̀tún.

Ṣé ẹ̀yìn òsì tó kéré yìí ni kì í ha, tí ọ̀tún tó ga sì ń ha? Ibẹ̀ ló ti rú mi lójú.


Sípíríǹgì_Ni_Mo_Mọ̀:

Nọ́ńbà yìí ṣe kedere. Ojú jáàkì sọ pé 6 àti 6, fẹ́ńdà ẹ̀yìn sọ pé 7. Mọ́tò náà tẹ̀ sí òsì ní bí 7 mm, iwájú pẹ̀lú ẹ̀yìn. Níwájú, fẹ́ńdà sọ pé 16. Yọ 7 kúrò, 9 mm tó kù kì í ṣe ti sípíríǹgì. Fẹ́ńdà ló ni ín. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà á bá ọ sọ ìyẹn. Ká ní o gé ìká yẹn kí fẹ́ńdà méjèèjì lè dọ́gba lójú, ara mọ́tò ì bá ti tẹ̀ sí ọ̀tún báyìí.

7 mm tó kù, iwájú ló ti wá ni àbí ẹ̀yìn? Jáàkì kan ló máa dá ọ lóhùn. Tú link stabilizer iwájú (ọ̀pá kékeré tó so ọ̀pá stabilizer mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò) ní ẹ̀gbẹ́ kan. Gbé jáàkì ńlá sí àárín gbùngbùn subframe iwájú (férémù irin tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì), kí o fi igi tẹ́ ẹ lórí, kí o gbé e títí táyà iwájú méjèèjì á fi kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀. Mì í jẹ́jẹ́ kó jókòó. Ojú kan ṣoṣo ló gbé iwájú báyìí, kò lè sọ ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò máa tẹ̀ sí mọ́; sípíríǹgì ẹ̀yìn nìkan ló ń pinnu ìyẹn. Wọn ẹ̀yìn òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún. Bí wọ́n bá dọ́gba dé 2 tàbí 3 mm, ẹ̀yìn ò jẹ̀bi, iwájú ni kí o tú. Bí ìyàtọ̀ 7 yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, má fọwọ́ kan iwájú; wo rọ́bà tó wà lókè àti lábẹ́ sípíríǹgì ẹ̀yìn, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀kan ti sọnù sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Mo fura sí iwájú. Ìyàtọ̀ 7 ní ìbú mọ́tò túmọ̀ sí bí 14 mm ní ojú sípíríǹgì kan, torí ìdajì ló ń hàn, bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ lókè. Nípọn irin sípíríǹgì iwájú kò jìnnà sí iye yẹn. Nígbà tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá jáde, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni ìdí sípíríǹgì tó gun orí àtẹ̀gùn kékeré tó wà nínú àwo ṣọ́ọ̀kì, dípò kí orí irin náà kan àtẹ̀gùn yẹn kó dúró.


Golf4_Agodi:

Mo gbé e lórí jáàkì: ẹ̀yìn òsì 334, ẹ̀yìn ọ̀tún 335. Iwájú ni nìyẹn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì wo ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún láìtú u. Ìdí sípíríǹgì náà ti kọjá ojú àtẹ̀gùn yẹn ní bí ìka ọwọ́ méjì, ó gun orí rẹ̀, ọ̀dà ibẹ̀ ti họ, irin ń dán. Ti òsì kan àtẹ̀gùn rẹ̀ gírígírí.


Sípíríǹgì_Ni_Mo_Mọ̀:

O ti rí i. Tú ọ̀tún nìkan, ṣùgbọ́n ṣe é pé.

Gbé iwájú, fi sítáǹdì méjì gbé e dúró. Tú link stabilizer ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ stabilizer á máa ti apá náà sókè. Fa wáyà ABS kúrò lára ṣọ́ọ̀kì. Knuckle Golf 4 (irin ńlá tó gbé ẹsẹ̀ táyà) di ìdí ṣọ́ọ̀kì mú bí ọwọ́ ṣe ń di nǹkan. Tí o bá yọ bóòtì rẹ̀, irinṣẹ́ pẹlẹbẹ 5.5 sí 8 mm ni a ń ki bọ ojú tó là náà, tí a ó sì yí i kó lè ṣí. Má fi ṣíséèlì àti òòlù là á, ó lè sán. Bí àyè kò bá tó láti fa ṣọ́ọ̀kì jáde, tú bóòtì mẹ́ta tó so bọ́ọ̀lù jọ́ìntì mọ́ apá ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀dà sàmì sí ojú tó wà. Máa kíyè sí ọ̀pá dráífù: bí o bá jẹ́ kí knuckle ṣubú síta, jọ́ìntì inú lè fà yọ.

Ohun tó ń fún sípíríǹgì gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan ń kọjú sí èkejì, kí wọ́n di ìká mẹ́ta ó kéré tán mú. Wáyà àti okùn tí wọ́n ń lò ní ojúde mẹkáníìkì yẹn, ojú èèyàn ló máa fọ́ lọ́jọ́ tó bá já. Nígbà tí o bá ń kó o padà, yí sípíríǹgì títí orí irin ìsàlẹ̀ á fi kan àtẹ̀gùn, kí o sì máa wò ó bí o ṣe ń tú ẹ̀rọ náà, torí ó lè yí kúrò nígbà tí ẹrù bá bọ́ sí i. Wo mounting òkè (ohun tó di orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara mọ́tò) pẹ̀lú: bí rọ́bà rẹ̀ bá ti ya kúrò lára irin, tàbí bíárìn ń há, má dá a padà. Rọ́bà tó ti wó nìkan lè jẹ mílímítà bíi mélòó kan, a sì máa ń pa méjèèjì pọ̀ pààrọ̀ ni.

Ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wọ inú knuckle dé ìdí. Etí irin kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ojú tó là. Èyí tí kò bá wọlé tán á mú kí ẹ̀gbẹ́ yẹn ga, a ó sì tún máa bú sípíríǹgì lórí ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bóòtì ibẹ̀ àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, lo tuntun.

Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan apá ìsàlẹ̀ nígbà tí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n di búṣìn rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò ń fì lókè. Rọ́bà búṣìn lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀. Bí o bá dì í níbẹ̀, ó ti lọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń ti mọ́tò sókè, kò sì ní pẹ́ ya. Gbé mọ́tò sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, lórí ràǹpù tàbí pátákó tó nípọn lábẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tú bóòtì búṣìn díẹ̀, tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí o tó dì í pa.

Bí o bá rí ọwọ́ fi caliper wọn nípọn irin sípíríǹgì méjèèjì, wọ̀n ọ́n. Sípíríǹgì tòkunbọ̀ tí wọ́n so pọ̀ ní ọjà Gate tàbí Ládípọ̀ kì í ṣe ìbejì nígbà gbogbo. 12 àti 12.5 mm dà bí ẹni pé wọ́n dọ́gba lójú, ṣùgbọ́n èyí tó nípọn yẹn á fi bí ìdá 18 nínú 100 le ju èkejì lọ tí yòókù bá dọ́gba. Àmì ọ̀dà kéékèèké tó wà lára ti ilé iṣẹ́ tún máa ń sọ ohun tí wọ́n jẹ́, ti 1.9 TDI kò bá ti 1.6 mu.


Pánẹ́ẹ̀lì_Mushin:

Mo ti ń dúró de ibi tí ẹ máa bá fẹ́ńdà dé.

Iwájú òsì: fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí o fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé rìn lọ yíká etí fẹ́ńdà. Ibi tí kò bá ti fà, pọ́tì ni. Lẹ́yìn náà wo àlàfo tó wà láàárín fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn: bó bá fẹ̀ lókè tó sì há nísàlẹ̀, fẹ́ńdà náà ti fì síwájú, o lè tú bóòtì rẹ̀ kí o sì sún un padà láìfi òòlù kàn án. Bí àlàfo bá dára, tí etí nìkan ló lọ sílẹ̀, ẹni tó tún un ṣe ló fi pọ́tì fà á gùn. Kò pa mọ́tò lára. Fi sílẹ̀ bí kò bá ń dùn ọ́ lójú.

Ẹ̀yìn ọ̀tún tó ń ha ló ṣe pàtàkì. O béèrè ìdí tí ẹ̀gbẹ́ tó ga fi ń ha. Gíga nìkan kọ́ ni táyà ń bá jà. Bó ṣe jáde tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. So irin sí okùn bí àwọn bíríkìlà ṣe ń ṣe, fì í sí etí fẹ́ńdà ní òkè àárín táyà, kí o wọn àlàfo láti okùn dé ẹ̀gbẹ́ táyà. Ṣe òsì, ṣe ọ̀tún. Ká ní òsì jẹ́ 13 mm tí ọ̀tún jẹ́ 5, axle ẹ̀yìn ti sún sí ọ̀tún ní 4 mm. Golf 4 mọ̀ ọ́n ṣe, ní pàtàkì bí búṣìn axle ẹ̀yìn bá ti rọ̀. Fi irin gbọọrọ ti axle sí òsì àti sí ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ búṣìn. Bí rọ́bà bá là tàbí tó ń rìn, pààrọ̀ méjèèjì. Búṣìn yẹn ní ojú tó gbọ́dọ̀ kọ sí, má jẹ́ kí wọ́n kàn lù ú wọlé bó ṣe wù wọ́n. Ihò bóòtì bírákẹ́ẹ̀tì axle gùn díẹ̀, ó fi àyè mílímítà díẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni kí o ti gbìyànjú láti dá a padà sí àárín kí fẹ́ńdà tó wọ ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn táyà 215/45 àti axle tó wà láàárín, wò ó bóyá o ṣì nílò èmi. Yọ sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì: mọ́tò wà lórí sítáǹdì, tú bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, rẹ axle sílẹ̀, sípíríǹgì á bọ́ fúnra rẹ̀. So ṣọ́ọ̀kì padà láìsí sípíríǹgì, dá táyà padà, kí o fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sókè títí bump stop (rọ́bà tó ń dá ṣọ́ọ̀kì dúró kó má wọlẹ̀ jù) á fi fún dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo wí, torí ọ̀nà wa ń gbé ẹsẹ̀ kan jùnù sínú kòtò, kì í gbé méjì pọ̀. Fi ẹfun pa etí fẹ́ńdà. Ibi tí ẹfun bá ti lẹ̀ mọ́ táyà, ibẹ̀ ni. Nígbà míì kì í tiẹ̀ ṣe etí fẹ́ńdà, sukúrù tó di bọ́ńpà mọ́ fẹ́ńdà ni. Orí rẹ̀ máa ń gé táyà bí abẹ. Fi olórí pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀.

Bó bá jẹ́ etí fẹ́ńdà lóòótọ́, a máa ká a, a ò ní lù ú. Òòlù máa ń mú kí ojú ìta wú, pọ́tì á sì tún wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí a ń fi bóòtì rímù de mọ́ ojú hub, tó ní róólà lórí, ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Fọ ìdọ̀tí àti iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú etí náà tán. Fi heat gun gbóná ọ̀dà láti ìta títí àtẹ́lẹwọ́ kò fi ní lè dúró lé e ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, bí 60 sí 70 °C. Ọ̀dà tútù máa ń fọ́. Rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú róólà, fi díẹ̀ kún un nígbà kọ̀ọ̀kan, máa gbóná rẹ̀ lọ́tun. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú á tẹ̀. Àyè tí o máa rí kò lè ju ìwọ̀n etí tó wọ inú lọ, nítorí náà fi rúlà wọ̀n ọ́n kí o tó sanwó.

Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé etí yẹn kúrò. Fẹ́ńdà ẹ̀yìn Golf jẹ́ irin méjì tí wọ́n jó pọ̀ ní etí. Gígé á ya wọ́n, omi òjò á wọ àárín, ìpẹtà á sì jẹ ẹ́ láti inú kí o tó rí i lóde. Kódà lẹ́yìn kíká, síílà àárín irin méjì náà máa ń là. Fi síílà tuntun sí i, pa á ní ọ̀dà, kí o tó gbé táyà padà.


Gbélẹ̀Máarìn:

Mo gba ti gígé sípíríǹgì yẹn. Ṣùgbọ́n bí kò bá lówó fẹ́ńdà báyìí ńkọ́? Ṣé kò lè fi nǹkan sí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kí ó má lè wọlẹ̀ jù?


Sípíríǹgì_Ni_Mo_Mọ̀:

Ó lè ṣe é. Òrùka ike tí wọ́n ń fi sábẹ́ bump stop, 5 tàbí 10 mm, á jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì dúró kí táyà tó dé fẹ́ńdà. Méjèèjì ni kí ó fi sí, kì í ṣe ọ̀tún nìkan. Àbùkù rẹ̀ ni pé mọ́tò tí a ti rẹ̀ sílẹ̀ ní 40 mm kò ní ìrìn púpọ̀ mọ́ lórí ṣọ́ọ̀kì; pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn, á máa gbá gàgà ní gbogbo bọ́ǹpù, ẹrù yẹn á sì máa lọ sí mounting ṣọ́ọ̀kì. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò burú. Kí ó kàn má yọ bump stop dànù bí àwọn kan ṣe ń ṣe nítorí kó lè rọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí táyà dé òkè pátápátá. Ẹ jẹ́ kó tún bojú wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú: sump (àwo òróró ẹ́ńjìnnì) Golf 4 ọ̀pọ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, bọ́ǹpù kan tó bá kàn án dáadáa, òróró á dà sílẹ̀.

Golf4_Agodi, aláímẹ́ǹtì ló gbẹ̀yìn, lẹ́yìn táyà tuntun àti sípíríǹgì. Níwájú, toe (bí iwájú táyà ṣe kọjú sínú tàbí síta) nìkan ni tie rod, ọ̀pá sítíárìn, ń yí. Fi í sí odo, kó má kọjá ìṣẹ́jú 10 (ìdá kan nínú mẹ́fà dígírì kan) sí ìhà kan. Camber iwájú (bí orí táyà ṣe fì sínú tàbí síta) kò ní bóòtì tirẹ̀. Bí ọ̀tún àti òsì kò bá dọ́gba, subframe ni wọ́n máa tú díẹ̀ tí wọ́n á sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí náà béèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe kí o tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Kí wọ́n tẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn jáde fún ọ pẹ̀lú bó tilẹ̀ jẹ́ pé tie rod kò sí níbẹ̀: bí toe ẹ̀yìn ọ̀tún bá yàtọ̀ sí ti òsì gidigidi, axle kò tíì wà láàárín, kí wọ́n tún bóòtì bírákẹ́ẹ̀tì yẹn tú kí o tó kúrò níbẹ̀.